Ṣé Yeti wà lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Wọ́n ní ẹ̀dá onírun kan tó jọ ìnàkí, Yeti, ń gbé lórí òkè Himalaya ní Éṣíà, pé wọ́n ti rí irun àti ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣé ó lè jẹ́ òótọ́?

ÌDÁHÙN: Irun yẹn gan-an ló tú àṣírí. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ DNA (èròjà àbínibí tó ń fi irú ẹ̀dá hàn) inú irun, egungun, awọ, eyín àti ìgbẹ́ tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Yeti wò. Mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀: mẹ́jọ jẹ́ ti béárì, ọ̀kan yòókù jẹ́ ti ajá!

Ojú ẹsẹ̀ ńkọ́? Béárì tó bá ń rìn lè gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lé ibi tí tiwájú ti tẹ̀, méjèèjì á wá dà bí ẹsẹ̀ gígùn kan ṣoṣo. Bí oòrùn bá tún pa yìnyín, etí ojú ẹsẹ̀ náà á yọ́, á sì fẹ̀ sí i. Ẹ má fi èyí tó ti pẹ́ díwọ̀n ẹranko rárá. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ni kí ẹ wò, kí ẹ wá àpá èékánná níwájú ìka.

A ò ní igbó ò lè fi ẹranko ńlá pamọ́ o. Ọdún 1902 ni àwọn onímọ̀ Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìnàkí ńlá orí òkè ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n òkú rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀dá tó bá wà láti ìran dé ìran gbọ́dọ̀ ní akọ, abo àti ọmọ. Wọn á jẹ, wọn á kú, egungun wọn á wà nílẹ̀. Ti Yeti, kò tíì sí èyí tó yege nínú àyẹ̀wò.