Kútà Gé Okùn Mi Lẹ́ẹ̀mẹ́ta

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín o. Àgbádárìgì ni mò ń gbé, ìgbádùn ni mo sì fi ẹja pípa lójú òkun ṣe, kì í ṣe òwò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ẹja kútà ti gé okùn ìwọ̀ mi, ìyàwó mi sì ní mo ti ń pe ẹja lójú oorun. Ṣé kí n ra okùn tó nípọn sí i ni?

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ wa, okùn tó nípọn kò lè gbà yín, nítorí eyín kútà mú bí abẹ. Wáyà irin tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ni kí ẹ so sí àárín ìwọ̀ àti okùn. Ojú ni kútà fi ń dọdẹ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa rìn, kí ìdẹ tí ń dán bí fàdákà máa sáré tẹ̀lé e lẹ́yìn. Nígbà tí ó bá gbé e, tí ọ̀pá tẹ̀ kọdọrọ, tí okùn ń sá lọ tí ọwọ́ yín ń gbọ̀n, ẹ má fà á tipátipá, ẹ jẹ́ kí ó sáré títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Èmi náà mọ ìdùnnú yẹn, n kò rí ohun tí mo lè fi wé e.

Tí ẹ bá délé, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan gbogbo irinṣẹ́ yín, torí iyọ̀ a máa jẹ irin. Ìgbì etí òkun wa le púpọ̀. Ẹ má ṣe wọkọ̀ láìwọ ẹ̀wù tí ń múni léfòó.