Ilé orí òpó: ẹ fi abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún omi

Ẹ béèrè pé bí ẹ bá gbé ilé ga ní mítà 1 níbi tí omi ti máa ń ya wọlé, ṣé ó tó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì po sìmẹ́ńtì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ́lé sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí omi bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni mò ń gbé báyìí, òun ló dúró.

Yẹ̀pẹ̀ ni mo fi gbé ti àkọ́kọ́ ga. Mo wo àpá tí omi ọdún tó ṣáájú fi sára ògiri ilé aládùúgbò, mo ní kí bíríkìlà jẹ́ kí ilẹ̀ yàrá ga jù ú lọ díẹ̀. Lọ́dún kẹta, omi kọjá ibẹ̀. Èyí tó dùn mí jù kì í ṣe omi tó wọ yàrá. Yẹ̀pẹ̀ tí mo rọ sábẹ́ ilé, tí a kò kì mọ́lẹ̀ ní ìpele ìpele, ni àgbàrá ń gbá lọ láti ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí omi fà, abẹ́ kọnkéré ti ṣófo, ó sì là sí méjì. Omi tí yẹ̀pẹ̀ mi lé kúrò láyè rẹ̀ ló lọ kún ilé aládùúgbò mi. Mi ò tíì gbàgbé ojú tó fi wò mí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Nítorí náà, ẹ má fi àpá ọdún kan díwọ̀n. Ẹ bi àwọn àgbà tó ti pẹ́ ládùúgbò pé ibo ni omi dé lọ́dún tó burú jù, kí ẹ wá fi 60 sẹ̀ǹtímítà lé e, ó kéré tán. Omi máa ń rú, ó máa ń gbé igi àti pàǹtí bọ̀, ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ sì ń gba ibi tí omi ì bá tẹ́ sí. Ìwọ̀n yẹn ni gíga ilé yín, ì báà jẹ́ mítà 1, ì báà jẹ́ 3.

Ilé kejì, òpó ni mo lò, omi kò sì kan ilẹ̀ yàrá rárá. Ṣùgbọ́n mo rò pé àyè abẹ́ ilé ń ṣòfò, mo fi búlọ́ọ̀kù dí i yí ká, mo ń kó ẹrù síbẹ̀. Ohun tó ba ilé náà jẹ́ nìyẹn. Omi tó dúró jẹ́ẹ́, tó ga ní mítà 1, a máa fi nǹkan bí 500 kílò ti mítà kọ̀ọ̀kan nínú gígùn ògiri. Bó bá di mítà 2, kì í ṣe ìlọ́po méjì, nǹkan bí 2,000 kílò ni. Èyí tó ń ṣàn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ògiri náà lágbára, kò wó, ó wá gbé gbogbo agbára tí omi fi ń tì í lé àwọn òpó lọ́wọ́. Omi tí kò rí ọ̀nà kọjá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wa ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ òpó igun, bẹ́ẹ̀ ìpìlẹ̀ wọn kò jìn. Òpó méjì wọ́, gbogbo ògiri òkè sì sán. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Èmi ti gbà fún un lọ́jọ́ tí mo mọ ògiri yẹn.

Nínú èyí tí mò ń gbé, ẹnjiníà yẹ ilẹ̀ wò kí a tó gbẹ́ ohunkóhun. A gbẹ́ ìpìlẹ̀ kọjá ilẹ̀ tó rọ̀, a fi kọnkéré onírin so ẹsẹ̀ àwọn òpó pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, a ṣe àwọn òpó ní roboto kí pàǹtí má baà há sí wọn lára púpọ̀. Ẹ má jẹ́ kí kọnkéré tó bo irin tín-ín-rín o: omi á rí ọ̀nà wọ ibẹ̀, irin á dípẹtà, òpó á sì máa là láti inú. Abẹ́ ilé ṣófo. Bó bá di dandan kí ẹ mọ ògiri síbẹ̀, ẹ dá ihò sí i ní ẹ̀gbẹ́ méjì ó kéré tán, kí ìsàlẹ̀ ihò má ga ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ sí ilẹ̀, kí omi inú àti ti òde lè jọ máa ga, kí wọ́n jọ máa fà.

Ẹ jẹ́ kí wáyà iná gba àjà sọ̀kalẹ̀. Táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ tó ṣófo a máa léfòó jáde nígbà tí ilẹ̀ bá rin gbingbin. Ẹ dè é mọ́lẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Ilé tó ga kò ní kí omi má yí yín ká. Lọ́dún tó kọjá, yàrá wa gbẹ, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ni a kò fi rí ibi sọ̀kalẹ̀ sí, oògùn ìyá mi sì ti tán. Omi tó ń ṣàn, tó dé orúnkún, lè gbé àgbàlagbà lọ. Báyìí, bí wọ́n bá ti kìlọ̀, a máa ń gbé ìyá kúrò kí omi tó dé ọ̀nà. Àtẹ̀gùn wa náà rọrùn láti gùn, ó ní irin ìdìmú lọ́tùn-ún lósì, nítorí ẹsẹ̀ wọn.

Ẹ kọ́kọ́ wá àpá omi tó ga jù yẹn rí. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, ẹ wo apá ibi tó ti ń ṣàn bọ̀, kí ẹ fi han ẹnjiníà kó tó ya àwòrán ilé. Bí ẹ bá ti ra rọ́ọ̀dù fún òpó mítà 1, ẹ má tíì gé e.