Ka báà rẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀

Àbúrò mi, o béèrè bóyá ó yẹ kí o náwó sí ìwé orin dùùrù Bach tí wọ́n ń pè ní Urtext, èyí tó ń gbìyànjú láti tẹ ohun tí Bach kọ gan-an jáde, nígbà tí èyí tí Czerny, olùkọ́ dùùrù ayé àtijọ́, ṣe wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ fún ọ.

Inú ìwé Czerny ni mo ti kọ́ Prelude (orin kúkúrú tó ń ṣíwájú) àkọ́kọ́ nínú Well-Tempered Clavier, àkójọ orin dùùrù tí Bach kọ. Oṣù méjì ni mo fi há a sórí, mo lè tẹ̀ ẹ́ nínú òkùnkùn. Lọ́jọ́ ìdánwò, nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán, olùdánwò ní báà kan (ìpín kékeré láàárín ìlà òró méjì nínú ìwé orin) wà nínú ohun tí mo tẹ̀ tí Bach kò kọ. Mo rò pé àṣìṣe tirẹ̀ ni. Àfi ìgbà tí mo délé, tí mo wo àwòrán ìwé tí Bach fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní 1722, èyí tó wà ní Berlin. Òótọ́ ló sọ. Lẹ́yìn báà 22, ohùn ìsàlẹ̀ fò láti F♯ bọ́ sórí A♭, kó tó wá sọ̀ kalẹ̀ sórí G. Fífò yẹn gan-an ni adùn ibẹ̀! Schwencke, olórin ará Hamburg, ló ki báà kan bọ àárín wọn, Czerny sì tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀ ní 1837. Báà yẹn náà ló wà nínú Ave Maria tí Gounod gbé ka orí Prelude yìí, ìdí nìyẹn tó fi ti mọ́ etí ọ̀pọ̀ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ju oṣù mẹ́rin lọ kí ọwọ́ mi tó gbàgbé rẹ̀.

Àwọn àmì pé kí o rọra tẹ̀ ẹ́ tàbí kí o sáré, Czerny ló fi wọ́n kún un. Ó ní òun rántí bí Beethoven, olùkọ́ òun, ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n o kò ní mọ èwo ni ti Bach.

Tí owó kò bá sí, èyí tí Kroll ṣe fún Bach-Gesellschaft (ẹgbẹ́ tó tẹ àwọn iṣẹ́ Bach jáde) ní 1866 náà wà lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì ní irú àfikún bẹ́ẹ̀. Tí owó bá dé, ra Urtext ti ilé ìtẹ̀wé Bärenreiter tí Dürr ṣe, tàbí ti ilé ìtẹ̀wé Henle. Nọ́ńbà ìka inú Henle, tó ń sọ ìka tí o máa fi tẹ̀, kì í ṣe ti Bach o. Tí kò bá bá ọwọ́ rẹ mu, fi pẹ́ńsù yí i. Ní ti Goldberg Variations, iṣẹ́ Bach mìíràn, má ra èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 1974, torí ọdún yẹn ni wọ́n rí ẹ̀dà tí Bach fúnra rẹ̀ tún ṣe, ní Strasbourg.

Èyíkéyìí tó bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, ṣí Prelude àkọ́kọ́ yẹn, kí o ka báà rẹ̀. 35 ni. Tí o bá ka 36, dá ìwé náà padà.