Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ó Ku Oṣù Méjì Kí N Padà sí Ìbàdàn

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ọ̀jẹ́ ni mí nílùú Ìbàdàn, ìyá mi sì ń ta aṣọ òkè níbẹ̀ títí di òní. Lẹ́yìn tí mo ti fi ọdún bíi mélòó kan ṣe olùkọ́ nílé, mo yọ̀ǹda ara mi láti lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní orílẹ̀-èdè Gámbíà, lábẹ́ ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi ń rán àwọn ọmọ Nàìjíríà tó mọṣẹ́ lọ ran orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́. Ọdún 2 ni àdéhùn wa, ó sì ku oṣù 2 kó pé. Ẹkún ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ń sun nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan àtilọ mi, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ sì ń bẹ̀ mí pé kí n fi ọdún kan kún un. Ìyá mi ní tirẹ̀ kò yé sọ fún mi lórí fóònù pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ọdún 2 yìí lè já sí òfo lójú àwọn tó ń gba ènìyàn síṣẹ́. Ní ìparí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti béèrè irú mọ́tò tí mo ń mú bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe múra?

Olùkọ́ Ìṣirò, Gámbíà

ÌDÁHÙN

O kú àjò, o sì kú iṣẹ́ ribiribi. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni n ó kọ́kọ́ mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìparí lẹ́tà rẹ lo fi sí, nítorí ohun tí àwọn ará ilé ti ń retí kí ènìyàn tó dé ló sábà máa ń ba ìpadàbọ̀ jẹ́. Nígbà tí wọ́n dá ètò tó gbé ọ lọ sílẹ̀ ní ọdún 1987, lásìkò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé kí Nàìjíríà máa fi àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti onímọ̀ mìíràn ran àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì lọ́wọ́, dípò kó máa há owó fún wọn. Owó àjẹmọ́nú ni ẹni tó bá lọ ń gbà, kì í ṣe èrè ẹni tó lọ ṣòwò. Ìwọ mọ èyí. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ kò mọ̀ ọ́n. Bó bá ti gbọ́ pé o wà ní òkèèrè, Lọ́ńdọ̀nù ló ń rí.

Má ṣe dúró di ọjọ́ tí o bá ń tú ẹrù kí o tó la ọ̀rọ̀ náà. Má sì kọ ọ́ sí orí WhatsApp ẹbí, níbi tí ẹni 30 yóò ti kà á ní ọ̀nà 30. Ìyá rẹ ni kí o pè, òun nìkan, ní alẹ́ tí ọjà bá ti tú. Rántí pé agogo Gámbíà fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa, kí o má baà jí i lójú oorun. Sọ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ fún un láìfi ohunkóhun bò. Obìnrin tó ti ń tajà kí wọ́n tó bí ọ mọ bí a ṣe ń ṣètò owó tí kò tó. Yóò bá ọ sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ lọ́nà tí ìwọ kò lè gbà sọ ọ́, bó bá sì le jù, mógàjí agbo ilé yín wà níbẹ̀. Ní ti ẹ̀bùn, ìgàn aṣọ kan tí àwọn ará Gámbíà pa láró, tó jọ àdìrẹ wa, yóò dùn mọ́ oníṣòwò aṣọ nínú ju bàtà tó lè rà ní Dùgbẹ̀ lọ. Ṣẹ́ gbogbo dàlásì, owó Gámbíà, tó bá kù lọ́wọ́ rẹ kí o tó wọ bàálù. Ta ni yóò bá ọ gbà á ní Ìbàdàn?

Ẹ̀bẹ̀ ọ̀gá àgbà yín kò le tó bí o ṣe rò. Àdéhùn náà kì í ṣe ti ìwọ àti òun nìkan, ìjọba méjèèjì ló wà níbẹ̀, nítorí náà bó bá fẹ́ olùkọ́ mìíràn, ọ̀nà wà tí yóò gbà béèrè. Èmi kò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o dúró nítorí ẹkún. Ọmọdé a máa sunkún fún olùkọ́ tó fẹ́ràn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n nílò lẹ́yìn rẹ ni pé kí ẹni tó bá wọ kíláàsì náà mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí gan-an ni mo fẹ́ kí o fi oṣù 2 tó kù ṣe. Ra ìwé kan, kí o sì kọ ọ́ ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan: ibi tí ẹ kà dé nínú ètò ẹ̀kọ́, èyí tí ẹ fò, àti ìdí tí ẹ fi fò ó. Kọ orúkọ àwọn tí ìṣirò ìdá ṣì ń dà láàmú, àti ti ọmọ tí kì í nawọ́ sókè ṣùgbọ́n tó mọ ìdáhùn. Kọ orúkọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àpótí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá wà lára àwọn tó ń ṣe ìpín òwúrọ̀ àti ìpín ọ̀sán, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìgboro ní Gámbíà, kọ bí ìwọ àti olùkọ́ ọ̀sán ṣe jọ ń lo yàrá kan náà. Máàkì nìkan kò tó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi rí ni mo ń sọ. Nígbà tí èmi náà fi ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní òkèèrè nígbà èwe mi, ìwé máàkì ni mo gbé sórí tábìlì, mo sì rò pé mo ti ṣe gudugudu méje. Ọdún kò tíì yí po tí ẹni tó gba ipò mi fi kọ lẹ́tà sí mi, tó ń béèrè ohun tí àmì pupa tí mo fi sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ àwọn ọmọ 11 túmọ̀ sí. Èmi fúnra mi ti gbàgbé.

Má ṣe ṣèlérí owó ilé ìwé fún ọmọ kankan, má sì sọ pé o ń padà bọ̀ bí kò bá sí lọ́kàn rẹ. Sọ ọjọ́ tí o ń lọ fún wọn. Bí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ bá pè ọ́ wá mu àtáyà, jókòó pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń se tíì yẹn, ẹ̀ẹ̀kẹta ló sì máa ń dùn jù.

Ní ti iṣẹ́, n kò rò pé ìbẹ̀rù rẹ ní ìdí tó bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1952 tí wọ́n ti dá WAEC sílẹ̀ ni Gámbíà àti Nàìjíríà ti jọ wà nínú rẹ̀. Ìdánwò WASSCE tí àwọn ọmọ kíláàsì 12 ń ṣe níbẹ̀ ni àwọn ọmọ SS 3 ń ṣe ní Ìbàdàn, àjọ kan náà ló sì ń ṣètò rẹ̀. Nítorí náà, nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ rẹ, má kàn kọ pé o yọ̀ǹda ara rẹ ní òkèèrè kí o sì dákẹ́, bí ẹni pé oúnjẹ lo lọ ń pín. Kọ kíláàsì tí o kọ́, iye ọmọ tó wà níbẹ̀, àti ìdánwò tí o múra wọn sílẹ̀ fún. Gba lẹ́tà ẹ̀rí lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà, tó ní òǹtẹ̀, ọjọ́ tí o bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí o parí, kí ọlidé tó dé, nítorí pé wọ́n lè gbé ọ̀gá àgbà lọ síbòmíràn, lẹ́tà tí ènìyàn bá sì ń bẹ̀bẹ̀ fún láti Ìbàdàn kì í tètè dé. Gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó rán ọ pẹ̀lú. Bí o kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀ fún ìforúkọsílẹ̀ olùkọ́, má fi í falẹ̀ bí o bá ti dé.

Ìrìn àjò fúnra rẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú. Ìwé ẹ̀rí, ìwé ìrìnnà àti káàdì àjẹsára ibà pọ́njú kò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Báàgì ọwọ́ ni ààyè wọn. Láti Èkó, ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021 yóò gbé ọ dé Móníyà, wàá sì ti ibẹ̀ wọ takisí Máíkírà.

Èyí tí wọn kì í sọ fún ènìyàn ni pé Ìbàdàn yóò ṣe ọ́ bí àjèjì fún ìgbà díẹ̀. O lè dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ Máíkírà náà pé “abaraka” kí o tó mọ ohun tí o sọ. Iye tí wọ́n ń ta gààrí yóò yà ọ́ lẹ́nu. Ìwọ yóò máa sọ pé “ní Gámbíà, báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é”, kò sì ní pẹ́ tí àwọn ará ilé yóò fi máa wo ara wọn lójú. Wọ́n fẹ́ràn rẹ, ó kàn sú wọn ni. Wá ẹnì kan tó ti lọ irú àjò bẹ́ẹ̀ rí, kó jẹ́ òun ni wàá máa rò ó fún. Níwọ̀n bí sáà tuntun ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré mú ọ lọ síbi iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí o bá dé. Tẹ̀lé ìyá rẹ lọ sí ọjà Ọ̀jẹ́, jókòó tì í ní ìsọ̀, bá a ká aṣọ. Àwọn oníbàárà àti ará àdúgbò yóò máa yà kí ọ, níbẹ̀ ni wàá sì ti gbọ́ ẹni tó ti gbéyàwó, ẹni tó ti bímọ, ẹni tó ti re ibi àgbà ń rè, àti ilé ẹ̀kọ́ tó ń wá olùkọ́ ìṣirò.