Kì í ṣe omi pupa nìkan ni kí ẹ máa ṣọ́

Ẹ kú làálàá. Ẹ ní ihò èédú tó wà lókè abúlé yín ti kógbá sílé tipẹ́, pé omi tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde pupa bí epo, àmọ́ omi kànga mọ́ gaara, láàbù sì kọ ọ́ síwèé pé irin inú rẹ̀ ò pọ̀. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ọkàn yín balẹ̀. Kó má tíì balẹ̀ o.

Agbègbè Enugu ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí wa èédú ní 1915. Àwọn awakùsà ti lọ, ṣùgbọ́n omi ihò Onyeama ṣì ń ṣàn wọ odò Ekulu. Ìpele òkúta yanrìn tí wọ́n ń pè ní Ajali ló wà lókè níbẹ̀, ìpele Mamu tó gbé èédú dání wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òjò ń rin inú yanrìn yẹn, ó ń gba ojú ibi tó sán wọnú ihò. Ibẹ̀ ló ti ń pàdé pyrite, ìyẹn irin àti imí-ọjọ́ tó lẹ̀ mọ́ra nínú èédú. Bí omi àti afẹ́fẹ́ bá ti jọ kan pyrite, ásíìdì dé nìyẹn. Irin àti sulphate, ìyẹn iyọ̀ tí imí-ọjọ́ ń dà, á sì bá omi lọ.

Ẹ má fi irin nìkan ṣe ẹlẹ́rìí. Irin máa ń já sílẹ̀ lójú ọ̀nà, òun ló pupa lára òkúta odò yẹn. Kí omi tó dé ìsàlẹ̀, irin rẹ̀ lè ti lọ sílẹ̀ lójú ìwé, kí àwọn irin olóró mìíràn sì ti há sínú ẹrẹ̀. Ẹ bu ẹrẹ̀ pẹ̀lú. pH, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi bí ásíìdì inú omi ṣe pọ̀ tó hàn (bó bá ṣe kéré sí 7 tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó), òun nìkan náà ò tó. Omi yanrìn Ajali máa ń kan díẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí ìwakùsà kankan. Bí mítà bá kọ 5.5 nínú kànga, ẹni tó ni ihò á ní bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, ó sì lè jẹ́ òótọ́. Sulphate ló ń yanjú ẹjọ́ náà, torí kì í tètè já sílẹ̀. Ẹ wá ìsun kan tí omi ihò ò lè dé, ẹ wọn tibẹ̀. Bí ti kànga bá fi ìlọ́po mẹ́ta, mẹ́rin ju tibẹ̀ lọ, omi ihò ti ń yọ́ wọlé, kódà bí kò tíì dé miligíráàmù 100 nínú lítà kan tí òṣùwọ̀n omi mímu Nàìjíríà fàyè gbà.

Ibi kànga gan-an ni kí ẹ ti wọn pH. Kọngílá kan tí n kò ní dárúkọ máa ń kó ìgò lọ sígboro, ọjọ́ kejì ni yóò wọ̀n ọ́n! A ti bu omi kànga ẹ̀rọ kan rí tó mọ́ gaara, a gbé ìgò lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Kí a tó kọ orúkọ sára àwọn ìgò yòókù tán, ó ti ń pọ́n, ìdọ̀tí ti ń sọ̀kalẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló kan irin tó ti yọ́ nínú omi, bó sì ṣe ń já sílẹ̀ ló ń tú ásíìdì sílẹ̀. pH inú ìgò ti kúrò ní ti kànga nìyẹn. Ẹ fa omi tó ti sùn nínú páìpù dànù kí ẹ tó bu. Omi tí ẹ máa fi wọn irin, ẹ fi àsẹ́ tí ojú ihò rẹ̀ jẹ́ máíkírómítà 0.45 sẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ kán ásíìdì nitric sí i; èyí tí ẹ máa fi wọn sulphate, ẹ má kán nǹkan kan sí i, inú kúlà oníyìnyín ni kó wà.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Àwọn kọngílá fẹ́ràn oṣù kẹsàn-án, nígbà tí omi òjò ti la gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ lọ lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, kí ẹ sì tún lọ nígbà àkọ́rọ̀ òjò, torí iyọ̀ tó gbẹ sára òkìtì èédú láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àkọ́rọ̀ ló ń fọ̀ ọ́ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbé garawa tí ẹ mọ iye lítà rẹ̀ sí ẹnu ihò, ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi kún. Láìsí ìyẹn, ẹ ò lè mọ bí ẹrù tí odò ń rù, ìyẹn irin àti sulphate tó ń gbé lọ, ṣe pọ̀ tó.

Àwọn ìyá abúlé á bi yín bóyá kí àwọn máa se omi náà. Síse ń pa kòkòrò, kì í lé sulphate tàbí irin bíi manganese lọ. Bí omi bá ṣe ń gbẹ lórí iná, ṣe ni wọ́n ń ki sí i. Omi òjò tí wọ́n gbè sínú kòkò tó mọ́, tí wọ́n sì sè, sàn ju ìyẹn lọ títí èsì á fi dé.