Ọmọ Mi Ń Lé Ẹ̀ńjìnnì Àtijọ́ Kiri

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Birmingham là ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 16. Kì í mutí, kì í rìn lóru, ṣùgbọ́n gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń lọ wo ẹ̀ńjìnnì rélùwéè àtijọ́ tí wọ́n fi ń fa ẹrù. Ó ká ohùn rẹ̀ sínú fóònù, òun ló ń gbọ́ sùn. Nǹkan ọ̀hún dọ̀tí, ó ń rú èéfín, ó sì dàgbà jù mí lọ. Kí ni wọ́n ń rí lára rẹ̀?
Màmá Káyọ̀dé

ÌDÁHÙN: Màmá Káyọ̀dé, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ò sọ nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀ńjìnnì náà fún mi, àmọ́ bó bá jẹ́ 37 ló fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn irú tí wọ́n ń pè ní Class 37, ọ̀kan náà lèmi àti ọmọ yín.

Ní 1986 mo ń kàwé ní Cardiff, Radyr ni mo sì ń gbé, níbi tí rélùwéè tó ń kó èédú láti àwọn àfonífojì Wales lọ sí ilé iṣẹ́ iná Aberthaw ti ń kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òjò ń ṣẹ́ wínníwínní, 37 kan dúró síwájú mi ní téṣọ̀n, ó ń retí àmì. Ó ń mí gbì, gbì, gbì, ilẹ̀ tí mo dúró lé sì ń gbọ̀n wọnú bàtà mi. Àmì já wálẹ̀, ó ní kó máa lọ. Ẹ̀ńjìnnì bú ramúramù, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì yí! Ìgbà tó yá ni àwọn wáágọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara wọn, gbàgà, gbàgà, gbàgà, títí dé èyí tó kẹ́yìn. Mo pẹ́ dé kíláàsì lọ́jọ́ náà.

Ẹ rántí jẹnẹrétọ̀ ilé wa. Bí ẹnì kan bá ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, ohùn jẹnẹrétọ̀ á yí padà, ẹ ó mọ̀ pé ẹrù ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ni 37. Dísẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kọ́ ló ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ló ń yí, iná tó bá ti ibẹ̀ jáde ló ń lọ bá mọ́tò iná mẹ́fà tó ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Sìlíńdà 12 ló ní, agbára ẹṣin 1,750, ṣùgbọ́n bó ti wù kó sáré tó, kì í ju ìyí 850 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi nípọn, tí wọ́n fi ń pè é ní tírákítọ̀. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n létí á dijú, á sì mọ̀ bóyá òkè ló ń gùn tàbí wáágọ́ọ̀nù òfìfo ló ń fà.

Iléeṣẹ́ English Electric ló ṣètò rẹ̀. 309 ni wọ́n ṣe láàárín 1960 sí 1965. Nígbà kan, mẹ́ta ni wọ́n ń so pọ̀ láti fa òkúta irin láti Port Talbot lọ sí ilé iṣẹ́ irin Llanwern ní Wales. Àwọn ẹ̀ńjìnnì Class 66 tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti Kánádà dé ní 1998 lágbára jù ú lọ dáadáa, mi ò bú wọn, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Àmọ́ wọ́n jọra bí ẹyin adìẹ. Àwọn 37 ti gba àtúnṣe tó bẹ́ẹ̀ tí olúkúlùkù fi ní ìrísí tirẹ̀, àpá tirẹ̀, ìtàn tirẹ̀.

Òótọ́ lẹ sọ nípa èéfín o. Ẹ sọ fún un kó má dúró sínú rẹ̀, kó má kọjá ìlà ofeefee ní téṣọ̀n, kó má sì fo ọgbà rélùwéè láé nítorí fọ́tò.

Lẹ́yìn náà, ẹ bá a lọ sí rélùwéè àtijọ́ Severn Valley Railway ní Kidderminster, kò jìnnà sí yín, lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé àwọn dísẹ́ẹ̀lì jáde. Kọ́ọ̀ṣì tó tẹ̀ lé ẹ̀ńjìnnì gan-an ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀, ẹ má yọrí. Bí ọkọ̀ bá ń kúrò ní téṣọ̀n Bewdley, ẹ gbé ọwọ́ lé ògiri kọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ ní kí Káyọ̀dé sọ ohun tí awakọ̀ ń ṣe fún yín.