Ẹ Bi Àǹtí: Ọjà ń tà, owó ò sí lọ́wọ́, ṣé MBA ló kàn?

Lẹ́tà pọ̀ lóṣù yìí, mẹ́ta péré ni mo ráyè fún, ẹ má bínú tẹ́ ò bá rí tiyín. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ, pé àwọn fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí bísínẹ́ẹ̀sì, àfi bí ẹni pé ẹ jọ ṣèpàdé.

*Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 34 ni mí, ẹja inú fíríísà ni mò ń tà n'Íbàdàn, ó ti pé ọdún mẹ́fà. Kọsitọ́mà mi pọ̀, kò sí ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù mi ń dá, ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ lọ kó ọjà tuntun àfi kí n tún lọ yáwó lọ́wọ́ alájọ. Páálí mẹ́rin ni mò ń tà lọ́sẹ̀, mo sì ń jèrè 8,000 náírà lórí páálí kan. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ní kí n lọ ṣe MBA, dìgírì kejì lórí bísínẹ́ẹ̀sì, pé òun á bá mi san níbẹ̀, pé àìkàwé bísínẹ́ẹ̀sì ló ń dà mí láàmú. OND ni mo ní. Ṣé kí n lọ?*
*Ẹlẹ́ja, Ìbàdàn*

Àbúrò mi, o kú làálàá. Mo ní kó o kọ gbogbo ìnáwó ṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí n tó dá ẹ lóhùn, o sì kọ ọ́ láì fi nǹkan kan pamọ́, ó wú mi lórí. Ó yá, jẹ́ ká jọ jókòó tì í.

Ọkọ̀ tó ń gbé páálí kan wá sí ṣọ́ọ̀bù, 1,500. Náílọ́ọ̀nù tó o fi ń di ẹja inú páálí kan fún kọsitọ́mà, 500. Ìyẹn ti mú 2,000 kúrò lára 8,000, ó ku 6,000. Páálí mẹ́rin lọ́sẹ̀, 24,000 nìyẹn. Wá wo apá kejì báyìí: bẹntiróòlù tó ń wọ jẹnẹrétọ̀ lọ́sẹ̀ kan 12,000, owó iná NEPA 4,000, ọmọ tó ń bá ẹ tajà ń gba 30,000 lóṣù, tá a bá pín in sọ́sẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7,000, owó ṣọ́ọ̀bù 240,000 lọ́dún, bíi 4,600 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Ro ó pọ̀. Ó lé ní 27,500. Owó tó wọlé 24,000, èyí tó jáde 27,500. Àbúrò mi, o ò jèrè kankan o, bíi 3,500 lò ń bù jẹ lára ojú owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, o ò sì tíì jẹun, o ò tíì sanwó iléèwé ọmọ, o ò tíì dá aṣọ ẹbí kankan. Ibi tówó ń gbà lọ nìyẹn. Kì í ṣe ayé, kì í ṣe ìyá ọkọ ẹ.

Má tíì sunkún, torí ibi tó dùn ló kù. Àwọn ìnáwó kan wà tó ń tẹ̀lé ọjà, bó o bá ṣe ń tà ni wọ́n ń pọ̀, bí ọkọ̀ àti náílọ́ọ̀nù. Àwọn kan sì wà tí wọ́n dúró gbagidi síbì kan, o tà o, o ò tà o, lánlọ́ọ̀dù á gba tiẹ̀, ọmọ iṣẹ́ á gba tiẹ̀, fíríísà tó kún àti fíríísà tó dá sí méjì, iná tí wọ́n ń jẹ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. O sọ fún mi pé fíríísà kan wà tí omi tútù nìkan wà nínú ẹ̀. Tó o bá kó ẹja sí ìyẹn náà, tó o wá ń ta páálí mẹ́jọ dípò mẹ́rin, 48,000 ló máa kù lẹ́yìn ọkọ̀ àti náílọ́ọ̀nù, yọ 27,500 kúrò, o rí i pé 20,000 àti díẹ̀ ti wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan náà, ọmọ iṣẹ́ kan náà, èrè kan náà lórí páálí. Kódà láti orí páálí karùn-ún ni nǹkan ti yí padà, páálí kan péré ló wà láàárín ìwọ àti èrè fún gbogbo ọdún tó o fi ń yáwó alájọ yẹn. Tí kọsitọ́mà ò bá lè gba mẹ́jọ, ẹ̀wẹ̀, àwọn oníbùkátérìà àti àwọn tó ń dáná òde àríyá wà níbẹ̀, àwọn yẹn kì í ra ẹyọ, páálí ni wọ́n ń rà. Àmọ́ má tà á láwìn fún wọn o, mo mọ àwọn oníbùkátérìà dáadáa.

Ohun tá a ṣe tán yìí ni wọ́n ń pè ní costing, gbogbo ẹ̀ ò gbà wá ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ṣé ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń yin èèyàn, pé orí ẹ̀ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú tó ta mọ́tò tó fi ra kẹ̀kẹ́? Ọmọdé ni mí tí mo ti ń gbọ́ ọ, mo rò pé wọ́n ń fi bàbá yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ta ló ń ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́. Ó di ìgbà tí mo kọ́ costing kó tó yé mi: ọjọ́ tó rí i pé kọ̀rọ̀ táwọn tó ń dájọ lọ́dọ̀ òun ń gbé, mọ́tò ò lè wọ ibẹ̀, ó yáa ta ohun tó ń náni lówó láì mówó wọlé.

Nípa MBA, mi ò bú u o. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yunifásítì tó ń ṣe é níbí, dìgírì ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè, tàbí HND tí wọ́n á fi nǹkan lé lórí, OND nìkan ò lè gbé ẹ wọlé tààrà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó ń bójú tó ẹ̀ka mẹ́fà ní ilé iṣẹ́ ńlá ló máa ń rí i lò jù, ìwọ tí o ní fíríísà méjì àti ọmọ iṣẹ́ kan, ẹ̀kọ́ tó kéré jù bẹ́ẹ̀ ló kàn ẹ́. Tí ìṣirò bá ń wù ẹ́ lóòótọ́, lọ wo ATSWA, ìdánwò àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣirò owó, ìpele mẹ́ta ni, àwọn ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáǹtáǹtì tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1965, ló ń ṣe ìdánwò ẹ̀ níbí, tó o bá parí ẹ̀ o lè gba ibẹ̀ wọ ICAN gan-an. Tí kì í ṣe ìwé ìṣirò lo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ jẹun, tó o kàn fẹ́ kí ọjà ẹ dúró dáadáa, lọ wo EDC, ibi tí Pan-Atlantic University l'Ékòó ti ń kọ́ àwọn oníṣòwò, láti 2003 ni wọ́n ti wà, tìtorí àwọn oníṣòwò kéékèèké bíi tìẹ ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ọdún kan náà ni ìjọba dá SMEDAN, àjọ tó ń ran àwọn oníṣòwò kéékèèké lọ́wọ́, sílẹ̀, àwọn náà máa ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó dun èmi alára. Nígbà tí mo ṣì ń ta áńkárá, mo sanwó sẹminá ọlọ́jọ́ méjì kan ní hòtẹ́ẹ̀lì kan, orúkọ ẹ̀ gùn, "strategic" wà nínú ẹ̀, "leadership" náà wà nínú ẹ̀. Wọ́n fún wa ní fáìlì, ìrẹsì àti sátífíkéètì tó ń dán, bàbá tó kọ́ wa ò tíì ta nǹkan kan rí láyé ẹ̀, ìgbà tí mo bi í pé kí ni mo máa ṣe sí áńkárá ogún tí àwọ̀ ẹ̀ ò tà, ó ní kí n "think outside the box". Áńkárá wà nínú box, sà! Mo ta á ní owó tí mo fi rà á nígbẹ̀yìn, mo fi gbé ọjà míì.

Èyí tó jẹ́ kí n sọ ọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo kíláàsì ló ń so èso. Lọ́dún 2017, ìwé ìròyìn tí wọ́n ń pè ní Science gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Lomé, ní Tógò tó wà nítòsí wa níbí. Wọ́n kó 1,500 oníṣòwò kéékèèké jọ, wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta, 500 lọ́nà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ́ àwọn àkọ́kọ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì bá a ṣe mọ̀ ọ́n, kíkọ ìwé owó, pípolówó ọjà, bíbójú tó òṣìṣẹ́. Wọ́n kọ́ àwọn ìkejì ní bí èèyàn ṣe ń dá nǹkan sílẹ̀ láì dúró de ẹnikẹ́ni, kó máa wá ohun tí àwọn tó kù lọ́jà ò tíì rí, kó má sì sá tí ọ̀nà àkọ́kọ́ bá dí. Àwọn ìkẹta ò gba ẹ̀kọ́ kankan. Àwọn ìkejì yìí, èrè wọn fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí ò gbẹ̀kọ́ lọ. Àwọn àkọ́kọ́, ìdá 11, ó sì kéré débi pé àwọn olùwádìí ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀kọ́ yẹn ló fà á. Torí náà kó o tó sanwó fún iléèwé kankan, bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa ní kó o lọ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù láàárín kíláàsì kan sí èkejì. Tí wọ́n bá ní o kàn máa gbọ́ lẹ́kíṣọ̀ ni, fi owó ẹ ra ẹja.

Òmíì tún wà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà níbí, ìyẹn náà fi hàn pé àwọn oníṣòwò tí wọ́n bá gba ẹni tó mọ ìwé owó tàbí ìpolówó, àwọn ló ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n kó lọ jókòó sí kíláàsì. Ìyẹn ni pé kì í ṣe dandan kó jẹ́ ìwọ fúnra ẹ lo máa mọ gbogbo ẹ̀. Kọ́pà kan ládùúgbò tó kàwé accounting lè máa wá bá ẹ kọ ìwé lọ́jọ́ Sátidé, ohun tó máa gbà ò ní tó owó bẹntiróòlù ẹ.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe: fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, má sanwó kọ́ọ̀sì kankan. Ya àkáǹtì ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára tìẹ, dá owó oṣù fún ara ẹ, iye tó o bá dá náà ni kó o mú, kódà kí ọ̀rẹ́ ẹ máa ṣe ìnáwó. Kọ gbogbo àwìn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Ẹja tó o bá gbé lọ sílé lọ sè, kọ òun náà, òun gan-an ló máa ń pa yín jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fi ìwé yẹn ránṣẹ́ sí mi, òun ló máa sọ kọ́ọ̀sì tó kàn fún wa. Bá mi kí ẹ̀gbọ́n ẹ ní London, sọ fún un pé kó má ná owó yẹn o, kó fi pamọ́.

*Àǹtí, ẹ kú àárọ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ábẹ́òkúta, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe máníjà, àwọn tá a jọ ń jẹun pọ̀ tẹ́lẹ̀ ò wá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọ̀gá ní kí n lé ọ̀kan dànù lójú ẹsẹ̀, ọdún mẹ́ta ló ti ń ṣiṣẹ́, ó pẹ́ dé ni. NIM tàbí CIPM, èwo ni kí n ṣe?*
*Máníjà tuntun*

Àbúrò, kú oríire, kú ìyà náà. Tí iṣẹ́ ẹ bá jẹ́ ọ̀rọ̀ èèyàn ṣáá, gbígbà wọlé, lílé, owó oṣù, ìjà àárín òṣìṣẹ́, CIPM, ẹgbẹ́ àwọn tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, ni. Tó bá jẹ́ gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì lò ń wò pọ̀, NIM, ẹgbẹ́ àwọn máníjà, láti 1961 ni wọ́n ti wà. Ṣùgbọ́n má ṣe é bí àwọn kọ́pà wa ṣe ń ṣe é o, tí wọ́n ń gba sátífíkéètì NIM níbi ìsìnrú ìlú tán tí wọn ò tún ṣí ìwé yẹn wò mọ́.

Ohun tó jẹ mí lógún ni ẹni tí wọ́n ní kó o lé yẹn. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ láti ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí nótíìsì, ẹni tó bá ti pé ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Lọ bá ọ̀gá, má bá a jiyàn níwájú èèyàn, sọ fún un jẹ́jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé kóòtù, kí wọ́n jẹ́ kó o kọ́kọ́ fún ọmọ yẹn ní query, kó kọ èsì. Tí àwọn tó kù bá rí i pé o ò kàn ń lé èèyàn bí ajá, wàá rí i bí etí wọn ṣe máa ṣí.

*Àǹtí, àlàáfíà ni o? Ẹni ọdún 58 ni mí, mo ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ wa ní Peckham, ní London, òṣìṣẹ́ méjì. Àwọn ọmọ mi ní kí n ṣe kọ́ọ̀sì Help to Grow, pé ìjọba ló ń sanwó, kí n sì yé kọ nǹkan sínú ìwé. Mo ti fi fọ́tò ìwé mi ránṣẹ́.*
*Bàbá oníṣu*

Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Help to Grow: Management yẹn dáa, ọ̀sẹ̀ 12 ni, ìjọba ń san ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tó ń kọ́ ọ á san £750. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè ló wà fún, méjì tiyín ò tíì kájú ẹ̀. Ẹ lọ sórí OpenLearn ti Open University, ọ̀fẹ́ ni, ẹ máa rí ti ìwé owó níbẹ̀. Lórí pé kẹ́ ẹ kúrò nínú ìwé, àwọn ọmọ yín jàre díẹ̀: láti oṣù kẹrin ọdún 2026, ẹni tó ń dá ṣòwò tí owó tó ń wọlé fún un lé ní £50,000 lọ́dún, orí ẹ̀rọ ló ti gbọ́dọ̀ máa kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn agbowó orí. Ẹ gbọ́ o, owó tó wọlé ni wọ́n ń wí, kì í ṣe èrè, torí náà ẹ má sọ pé ẹ ò jèrè tó bẹ́ẹ̀.

Mo wo ìwé yín, ọwọ́ yín dára, ó mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ báńkì lọ. Ẹ kàn jókòó ti ọmọ yín kó bá yín gbé e sórí ẹ̀rọ. Kẹ́ ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ṣá, ojú ewé kẹrin, ibi tẹ́ ẹ kọ "ìyá ilé kejì, iṣu méjì, àwìn" sí, ó ti pé oṣù mẹ́rin o, ẹ lọ gba owó yín.